Èló Lo Gbà?

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín sí fóònù lójú títì lóde òní, ẹ má tètè pè é ní wèrè. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tán ni, tí fóònù sì ti fún un ní máàkì. Wèrè ayé àtijọ́ kì í mọ iye tí wèrè òun jẹ́. Tòde òní mọ̀ ọ́n, ó sì ń gbé e han ọ̀rẹ́.

Ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé girama máa ń ṣèpàdé ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, nílé Alága ní Bódìjà, n'Íbàdàn. A óò gbàdúrà, a óò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, a óò bú àwọn tó jẹ owó oṣù, lẹ́yìn náà ni àmàlà yóò wọlé. Lóṣù tó kọjá, nǹkan kan gba iwájú àmàlà. Ọmọbìnrin Alága, tó ń ṣe àgùnbánirọ̀, ló na fóònù sí bàbá rẹ̀: "Dádì, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́sàn-án yìí. Á sọ bí ọkàn yín ṣe rí fún yín." Àwa tó kù ní kó fi ránṣẹ́ sí tiwa náà. Kí ló dé tí ọkàn Alága nìkan á fi ní èsì?

Kò pé ìṣẹ́jú méjì, ilé ti pa lọ́lọ́ bíi gbọ̀ngàn WAEC. Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbààgbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ti ń jókòó gba ìkíni àwọn ọkọ ọmọ wọn, ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù kí ẹnìkejì má baà jí wọn wò. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe parí, ó gbórí sókè, ó kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ti ń bi gbogbo ọmọ Yorùbá láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé síléètì: "Èló lo gbà?"

PHQ-9 ni wọ́n ń pe ìdánwò náà. Robert Spitzer, Janet Williams àti Kurt Kroenke, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é láti fi mọ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Ìwé tó fi hàn pé ó ṣeé gbára lé jáde ní 2001. Pfizer ló sanwó rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí òun náà ń ta oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nígbà náà. Alágboòrùn ló bá wa ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ pé òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹ̀rọ náà dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn dókítà ń lò ó káàkiri ayé. Ìbéèrè mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Bí nǹkan ọ̀hún kò bá ṣẹlẹ̀ sí ọ rárá, òdo. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, 1. Bó bá ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, 2. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Láti 20 sókè, ó ti le.

Ibi tó ti wọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Nínú ìdánwò yìí, ẹni tó gba òdo ló yege. Wọn ò tọ́ wa dàgbà bẹ́ẹ̀. Alága gba 8, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bí ìyá rẹ̀ tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá ṣe gbọ́. Màmá Àgbà kò mọ ohun tí à ń ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ máàkì. "Mẹ́jọ nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n? Lẹ́yìn gbogbo owó ilé-ìwé tí bàbá rẹ san? Ẹni tó gba méjìlélógún yẹn, ṣé orí méjì ló ní?" Láti bí àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń bi wá bóyá ẹni tó gbapò kìíní ní orí méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìbéèrè náà máa di èyí tí dókítà pàápàá lè béèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó gba òdo. Díkínnì wa kò dáhùn ìbéèrè kankan. Ńṣe ló ń dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán wọn. Fóònù ní ǹjẹ́ ó máa ń rẹ̀ ẹ́? Díkínnì ní, "Kò ní rẹ̀ mí lórúkọ Jésù." Ǹjẹ́ o máa ń rí ara rẹ bí ẹni tó ti kùnà? "Kì í ṣe ìpín mi!" Ọkùnrin tí gbogbo wa mọ̀ pé láti ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti há, oògùn ló fi ń sùn. Ní ti Àlájì, "Alhamdulillah" ló fi ń dáhùn ohun gbogbo. Ṣé oúnjẹ ń wù yín jẹ? Alhamdulillah. Ṣé oorun ń wá? Alhamdulillah. Ṣé inú yín ń bàjẹ́? Alhamdulillah. Àgùnbánirọ̀ kò mọ èwo ni bẹ́ẹ̀ ni, èwo ni rárá nínú Alhamdulillah, ló bá kó gbogbo rẹ̀ sí òdo. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì ti fi ń jiyàn ẹ̀sìn nínú ẹgbẹ́ wa. Orí òdo ni wọ́n ti wá fẹnu kò.

Màmá Ìbejì kò ráyè ti ara rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ṣe. Bàbá Ìbejì jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ náà. "Bàbá Ìbejì, wọ́n ní ṣé ẹ máa ń lọ́ra sọ̀rọ̀ débi tí àwọn èèyàn fi ń kíyè sí i?" Kí ọkùnrin náà tó yanu, ìyàwó ti tẹ̀ ẹ́: ojoojúmọ́. "Wọ́n ní ṣé ẹ kì í lè fọkàn sí nǹkan?" "Èmi máa ń..." "Ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ yìí." Bàbá Ìbejì ló gba 22 tí Màmá Àgbà ń sọ. Tí wọ́n bá mú ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣe JAMB, ẹ̀wọ̀n ni. Mo sọ fún Màmá Ìbejì pé àìsàn tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ kò sí nínú PHQ-9, ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n dúró, òun máa tó bá mi ṣe tèmi náà.

Akáǹtì wa, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ ìwé owó fún ilé-iṣẹ́, kò jẹ́ ká rí tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ó jáde sí báńkóníì, ó lọ tún un ṣe. Ó wọlé, ó mu omi, ó tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tó ń ṣe GCE. Nígbà tó wọlé kẹ́yìn, 4 ló gbé wá, ó gbé fóònù sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. A pàtẹ́wọ́. Àlájì ní ó dájú pé ó rí expo rà. Mo ní kì í ṣe expo, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni akáǹtì máa ń kọ ìwé owó: ìkíní bó ṣe rí, ìkejì bó ṣe yẹ kó rí, ìkẹta bí ọ̀gá ṣe fẹ́ kó rí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Alága. Akáǹtì náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń wò wá látorí fídíò. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni? Àwa níbí, gbogbo ìgbà tá a bá ti jókòó síwájú therapist la ń ṣe é." Òótọ́ ló sọ. Láti 2008 ni NHS ti dá ètò kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú ọkàn, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá sì wá ni wọ́n ń fún un ní PHQ-9 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, GAD-7, ìbéèrè méje lórí àníyàn tí Spitzer kan náà bá wọn ṣe ní 2006, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 21. Mi ò bá a jà sórí òótọ́. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni mo bá a jà sí. Ìrẹ̀wẹ̀sì tirẹ̀ ti gba ìwé ìrìnnà. Bí ẹ bá sọ pé ayà yín ń já, yóò ní ẹ ò tíì rí nǹkan kan: ayà tiyín ń já ní náírà, tòun ń já ní pọ́n-ùn. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé wá fọ́n ọkàn bíbalẹ̀ yìí sí wa lára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kó wa sí gbogbo èyí ni àgùnbánirọ̀. Ìran tiwọn kò ní ìwà mọ́, orúkọ àìsàn ni wọ́n ní. Ẹni tí à ń pè ní onítìjú nígbà tiwa, wọ́n ní ayà rẹ̀ ló ń já. Ẹni tí à ń pè ní aláìgbọràn, wọ́n ní ADHD ni, àìsàn àìlè jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ náà ń kó ìdánwò jọ bí ẹni ń kó aṣọ ẹbí: ti ADHD lọ́wọ́ ọ̀tún, ti autism lọ́wọ́ òsì, tàníyàn lọ́rùn. Èyí tí wọ́n bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àgbàlagbà lórí ADHD jáde ní 2005; ìbéèrè 18 ni, mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò. Ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn ń béèrè bóyá èèyàn máa ń ṣe bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń tì. Mo ní kó lọ bi obìnrin tó gbé àmàlà wá fún wa, tó ti ń ro ó láti aago mẹ́rin ìdájí. Ti autism, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, iṣẹ́ Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ni, 2001, ìbéèrè 50. Ọ̀kan níbẹ̀ ń béèrè bóyá èèyàn máa ń kíyè sí nọ́ḿbà ọkọ̀. Alága fò sókè: "Èmi nìyẹn! Lójoojúmọ́!" Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́wàá ni Alága ti ń fi nọ́ḿbà ọkọ̀ ta lótò. Ká ní ó jẹ rí ni, à bá ní ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́.

Mo ṣẹ̀fẹ̀ o, mi ò ní irọ́ ni. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n fi pàṣán kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ìbéèrè mẹ́fà bá sọ fún irú wọn lẹ́ni àádọ́ta ọdún pé kì í ṣe orí kunkun, pàṣán ló yẹ kó tọrọ àforíjì.

Ẹ ti ń retí tèmi. Mo gba 11. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́. Ìbéèrè kẹta ní ṣé oorun kì í wá àbí ó ń pọ̀ jù. Spitzer kú ní 2015. Ká ní ó wà láyé ni, ǹ bá kọ lẹ́tà sí i. Sà, aago méjì òru ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi máa ń kú. Bó bá ti kú, ẹ̀fọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá di aago márùn-ún, ìpè àdúrà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Ìbéèrè kẹrin ní ṣé ó máa ń rẹ̀ mí. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Bẹ́ẹrẹ́ dé Ìwó Ródù ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò. Ìbéèrè keje ní ṣé mo lè fọkàn sí tẹlifíṣọ̀n. Iná wo?

Ẹjọ́ mi dùn, àbí? Ó dùn, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi. Orí 10 ni ìlà wà, ohun tí JAMB ń pè ní cut-off. Nínú JAMB, ẹni tó bá kọjá ìlà ni wọ́n ń gbà wọlé. Níhìn-ín náà, wọ́n ń gbà á wọlé. Ibi tí wọ́n ń gbà á wọ̀ ló yàtọ̀. Mo fẹ́ sọ pé òyìnbó tó fa ìlà náà kò mọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn dókítà wa ti fi ìdánwò yìí yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò ní Nàìjíríà níbí, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006, 10 yẹn kan náà ni wọ́n bá ìlà lórí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn mọ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n mọ ẹ̀fọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé 10.

Nígbà tí a jẹun tán, àgùnbánirọ̀ tún gbé òmíràn jáde: yan èso kan, ká sọ irú ọkàn tí o ní. Kò sí àgbálùmọ̀ níbẹ̀, mo yan ọsàn. Wọ́n ní ọkàn mi le ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó sún mọ́ mi kò mọyì mi. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Díkínnì yan ápù, ohun tó fara jọ ọ́ ni wọ́n sọ fún un, ó ní Ẹ̀mí ló sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Bertram Forer fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1948. Ó ṣèdánwò ìwà fún àwọn 39, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èsì, ó ní kí wọ́n fún èsì náà ní máàkì, láti òdo dé 5, bó bá ṣe bá wọn mu sí. Ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 4.26. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé kan náà ni òun fún gbogbo wọn, inú ìwé ìràwọ̀ tí òun rà lójú títì lòun sì ti ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn wòlíì tiwa kò ka Forer o, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. "Ọ̀tá rẹ kò jìnnà sí ọ." Ta ni ọ̀tá rẹ̀ ń gbé òkèèrè?

Ẹ má wá da ọsàn àti ápù pọ̀ mọ́ PHQ-9. Ìyẹn ń pọ́n ọ ni, èyí ń wọ̀n ọ́ ni. Àmọ́ wíwọ̀n náà ní ibi tó mọ. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ abíyá ló rí: ó lè sọ pé ara gbóná, kò lè sọ bóyá ibà ni àbí táífọ́ọ̀dù. Ṣebí a mọ èyí, àwa tí a ti ń gbé èsì yàrá àyẹ̀wò han ara wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́: "Ibà plọ́ọ̀sì méjì ni tèmi." "Ó mà ṣe o, plọ́ọ̀sì mẹ́ta ni tèmi!" Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ibà plọ́ọ̀sì mẹ́ta, lẹ́yìn tó bá yangàn tán, ilé oníkẹ́míìsì ló ń lọ. Ẹni tó bá gba 15 nínú PHQ-9, lẹ́yìn tó bá yangàn tán, ó ń ní ká gbé ẹran sí àmàlà òun ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rán ìdánwò yẹn ni kó tì wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wò wá. Àwa sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù, a ń ka góòlù.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé a rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fóònù jáde. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọn lórí, tí ohun tí wọ́n kà kì í dúró. Brain fag ni àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é. Ẹ wò ó, kí fóònù tó mọ̀ wá ni orí wa ti ń gbóná.

Ilé ìwòsàn tí Prince ti ṣiṣẹ́ ni Árò. Ibẹ̀ ni Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ṣe ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n láti 1954, kó tó di pé ó lọ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó bá àwọn abúlé tó wà nítòsí ṣe àdéhùn: kí aláìsàn máa gbé láàárín wọn, kó máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, kó padà sílé nírọ̀lẹ́. Òfin kan ló gbé kalẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìbéèrè tó ń dúró de èèyàn lẹ́nu ọ̀nà Árò nígbà náà kì í ṣe èló lo gbà. Ta ló bá ọ wá ni.

Mo ń wakọ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń dá rẹ́rìn-ín GCE Akáǹtì, ni ẹ̀rín náà bá dá mi lẹ́nu. Ẹni tó yege kì í tún GCE ṣe.

Èló ló gbà nígbà àkọ́kọ́? Gbogbo ọjọ́ la fi ń bi ara wa léèrè máàkì, ẹni tó yẹ ká bi, àtẹ́wọ́ la pa fún. Bóyá ẹ sì ti kíyè sí i pé ìbéèrè kan wà nínú mẹ́sàn-án náà tí mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ láti òkè títí dé ìhín. Ìkẹsàn-án ni. Ó ń béèrè bóyá ó ti ṣe èèyàn bíi pé ikú sàn fún un. Fóònù ò mọ ìyàtọ̀: 3 ni òkè tirẹ̀, bí 3 ṣe jẹ́ òkè ti oúnjẹ tí kò wuni jẹ. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá rí 1 péré níbẹ̀, ó máa fi bírò sílẹ̀ ni, á wojú èèyàn. Ẹni tí tirẹ̀ kì í bá ṣe òdo níbẹ̀, kó má dúró de Sátidé ìpàdé. Kó pe ẹnì kan lónìí.

Mo mọ ohun tí Akáǹtì ń sá fún. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábàá, títí dòní, tá a bá fẹ́ bú èèyàn, "Yaba Left" là ń rán an lọ. Òfin wèrè ọdún 1958 ni orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń lò kí Ààrẹ Bùhárí tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tí òfin fúnra rẹ̀ bá ń pe èèyàn ní wèrè, ta ni kò ní lọ tún un ṣe ní báńkóníì?

Mo pè é ní ọjọ́ Àìkú. "Akáǹtì, ti àkọ́kọ́ ńkọ́?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ pé a kì í kó ìwé àkọ́kọ́ jáde fún èèyàn wò." Mo ní kò burú, mi ò béèrè ìwé. Mo ní Ọjọ́rú ni wọ́n ń rí dókítà, èmi ni mo sì máa wakọ̀.

Ní Ọjọ́rú, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì mú bébà kan wá, ó ní, "Dádì, ẹ bá wa dáhùn eléyìí kí ẹ tó wọlé." Akáǹtì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè mẹ́sàn-án. Ó yíjú sí mi, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín: "Expo rẹ̀ dà?"

Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí, kó má kọ ọ́ bí ọ̀gá ṣe fẹ́ kó rí. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó gbé e wọlé, ó tún pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ebi ń pa òun, a lọ jẹun ní Mókọ́lá, ó sì jẹ́ kí n sanwó, tó fi hàn pé akáǹtì ṣì ni.

Mi ò bi í pé èló ló gbà.